Ẹrù Tó Ju Ojú Ọ̀nà Lọ: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Ìwé Kí A Tó Gbéra

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí ojú ìwé ìṣòwò lọ́tẹ̀ yìí kan ẹni tó ń wa tírélà, ó kan ẹni tó ń ra ẹ̀rọ àlòkù ránṣẹ́ sílé, ó sì kan ìyàwó tàbí ọkọ wọn náà, nítorí inú àpò ilé kan náà ni owó ìtanràn ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ ẹrù ńlá ni: ẹrù tó fẹ̀, tó gùn tàbí tó wúwo ju èyí tí òfin gbà fún mọ́tò akẹ́rù lásán. Èrò tèmi ni pé ìwé tí òfin ní kí a kọ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó gbéra kì í ṣe wàhálà òyìnbó lásán. Òun gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àwa ni a sì máa ń fi ṣe ìkẹyìn.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ ní sísọ báyìí. Lọ́dún 2021, nígbà tí àìtó awakọ̀ akẹ́rù gbòde níhìn-ín, tí àwọn ènìyàn ń tò sílé epo nínú oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọ̀dọ́ wa kan rí ọ̀nà, wọ́n lọ gba láísẹ́ńsì C+E. Iṣẹ́ náà gbè wọ́n. Nísinsìnyí àwọn kan nínú wọn ti ń wo bí wọn yóò ṣe ra orí tírélà kan tiwọn, kí wọ́n kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn oníṣòwò wa wà tí wọ́n ń lọ sí ọjà gbàǹjo láti ra katapílà, jẹnẹrétọ̀ ńlá àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n ń kó wọn lọ sí èbúté Tilbury kó lè gba ojú omi dé Èkó. Ìpàdé àwọn méjèèjì yìí rọrùn púpọ̀. Ọmọ ìlú ẹni ni, ẹ jẹ́ kó bá wa gbé e, yóò dín owó rẹ̀ kù fún wa. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni òfin pè ní ẹrù tó ju ojú ọ̀nà lọ? Bí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ bá ju 44,000 kílò lọ, ó wọ̀ ọ́. Bí ó bá fẹ̀ ju mítà 2.9 lọ, ó wọ̀ ọ́. Bí ẹrù tí kò ṣeé ká bá gùn ju mítà 18.65 lọ, ó wọ̀ ọ́. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan bá ru ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn 10,000 kílò fún ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì kò yí àti 11,500 fún èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ó tún wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo ìdí katapílà agbẹ́lẹ̀ tọ́ọ̀nù 20 rí yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè súnmọ́ mítà 3 láìsí wàhálà. Nítorí náà kì í ṣe ẹrù àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni òfin yìí ń sọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí bàbá kan rà láti fi wọ kọntíráàtì nílé lè mú òun àti awakọ̀ rẹ̀ wọ inú òfin náà ṣinṣin.

Ìwé òfin tó gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láyè láti rìn ni àṣẹ ọdún 2003 tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní STGO. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé àyè tó fi sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn, májẹ̀mú ni. Ó sọ pé bí o bá ṣe báyìí báyìí, o lè kọjá ìwọ̀n tí òfin ojoojúmọ́ fi lélẹ̀. Bí o kò bá ṣe é, àyè náà kò sí fún ọ mọ́, ọkọ̀ rẹ sì di ọkọ̀ tó kọjá ìwọ̀n lásán, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó di ẹrù kún tírélà láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan rò pé bí àwọn kò bá fi ìwé ránṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni, wọn yóò kàn san owó táṣẹ́rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìrìn àjò náà ló di ẹ̀ṣẹ̀, láti ibi tí kẹ̀kẹ́ ti yí lẹ́ẹ̀kíní. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní ohun tí yóò dì mú sí ọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì ilé iṣẹ́ rẹ sì lè dé iwájú Traffic Commissioner.

Májẹ̀mú tó léwájú ni ìfitónilétí. Bí ẹrù bá fẹ̀ ju mítà 3 lọ lábẹ́ STGO, ọlọ́pàá gbogbo agbègbè tí yóò gbà kọjá gbọ́dọ̀ gbọ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ gbáko méjì ṣáájú. Bí ó bá ti ju 44,000 kílò lọ títí dé 80,000, àwọn tó ni ọ̀nà àti àwọn tó ni afárá ni yóò gbọ́ ní ọjọ́ méjì, pẹ̀lú ìwé tí o fi gbà pé ìwọ ni yóò tún ohun tí ẹrù rẹ bá bàjẹ́ ṣe. Láti orí 80,000 títí dé 150,000, ọlọ́pàá gba ọjọ́ méjì, àwọn ọlọ́nà àti ọlọ́fárá gba ọjọ́ márùn-ún. Èyí tó fẹ̀ ju mítà 5 títí dé 6.1 tún ń fẹ́ fọ́ọ̀mù VR1 lọ́tọ̀. Èyí tó bá ju gbogbo ìyẹn lọ, tó fẹ̀ ju 6.1, tó gùn ju mítà 30, tàbí tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 150, àṣẹ pàtàkì ló ń fẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú ni wọ́n sì ní kí ẹ bèèrè rẹ̀. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa yóò gbé irú ìyẹn láìpẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ọjọ́ gbáko" yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ló ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọjọ́ tí o fi ìwé ránṣẹ́ kò sí nínú kíkà. Ọjọ́ tí ẹrù yóò gbéra kò sí nínú kíkà. Sátidé kò sí níbẹ̀, Sunday kò sí níbẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ìjọba kò sì sí níbẹ̀. Bí ẹrù rẹ yóò bá lọ ní Thursday, Monday ni ìwé gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn, kí Tuesday àti Wednesday lè jẹ́ ọjọ́ méjì náà. Bí ó bá jẹ́ Monday ni yóò lọ, Wednesday ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìwé ti gbọ́dọ̀ dé. Ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ ní Friday fún ẹrù Monday kò tíì fún wọn ní ọjọ́ kankan rárá, bó tilẹ̀ dà bíi pé ọjọ́ mẹ́ta wà láàárín.

Ẹ wá wo àsìkò Àjíǹde. Ká sọ pé ọkọ̀ ojú omi yóò gbéra ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde, o sì fẹ́ kí katapílà rẹ dé Tilbury ní Wednesday. Tuesday jẹ́ ọjọ́ kan. Monday ìsinmi ni. Sunday àti Sátidé kò sí. Good Friday ìsinmi ni. Ó di Thursday kí o tó rí ọjọ́ kejì, ìwé sì gbọ́dọ̀ ti dé ní Wednesday, ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹrù tó rìn. Ọjọ́ méjì ti di ọjọ́ méje. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ní gbàǹjo ní Thursday mímọ́, tó ti bá awakọ̀ ṣàdéhùn Wednesday, tó ti san owó àyè nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ti há. Ṣé yóò pàdánù àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ni, àbí yóò bẹ awakọ̀ kó "fi ọgbọ́n" gbé e lóru? Gbogbo wa mọ èyí tí ọ̀pọ̀ yóò yàn. Awakọ̀ ni ọlọ́pàá yóò bá ní ìdí ọkọ̀, kì í ṣe ẹni tó ni katapílà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn. Katapílà atẹ́lẹ̀ kan tó wọn tọ́ọ̀nù 38 wà ní Leeds. Abẹ́ iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3.9. Orí tírélà àti pẹpẹ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní lóòbẹ́ẹ̀dì nílé, wọn bíi tọ́ọ̀nù 20. Àpapọ̀ di 58. Ó ti wọ ìsọ̀rí kejì STGO, nítorí ìsọ̀rí kìíní dúró ní tọ́ọ̀nù 50. Èyí túmọ̀ sí pé àmì ìsọ̀rí náà gbọ́dọ̀ wà níwájú ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ sáré ju máìlì 40 ní wákàtí kan lórí òpópónà márosẹ̀ bí M1, 35 lórí ọ̀nà olójú méjì, àti 30 lórí àwọn ọ̀nà yòókù. Nítorí pé ó fẹ̀ ju mítà 3, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gbọ́. Nítorí pé ó fẹ̀ ju 3.5, awakọ̀ nìkan kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹni kejì gbọ́dọ̀ wà tí ń ṣọ́ ọ̀nà. Nítorí pé ó ju 44, àwọn ọlọ́fárá gbọ́dọ̀ gbọ́. Láti Leeds dé Tilbury, yóò gba ilẹ̀ ọlọ́pàá West Yorkshire, South Yorkshire, Nottinghamshire, Hertfordshire, Essex àti àwọn mìíràn láàárín wọn. Bí o bá gbàgbé ẹyọ kan nínú wọn, ní ilẹ̀ ẹni tí o gbàgbé yẹn, o kò ní ìwé.

Ẹni tó sọ fún ọ pé òun yóò gbé irú ẹrù yìí lọ́la, ní iye tó fi dín sí tàwọn yòókù, ẹ bèèrè ohun tó yọ kúrò kí owó náà tó lè dín.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Ọlọ́pàá ti gbọ́, wọ́n sìn wá, kí ló tún kù?" Ìtàn Hixon ló yẹ kí gbogbo irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1968, ní abúlé Hixon ní Staffordshire, ọkọ̀ kan ń gbé tiransifọ́mà tọ́ọ̀nù 120 lọ sí ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ kan. Ọkọ̀ àti ẹrù náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 148, bíi mítà 45. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́pàá ń sìn wọ́n. Wọ́n dé ibi tí ojú irin ti dábùú ọ̀nà, irú èyí tí igi ìdènà rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi í síbẹ̀. Láti ìgbà tí iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn títí tí rélùwéè yóò fi dé, ìṣẹ́jú àáyá 24 péré ni. Ọkọ̀ náà ń rìn bíi máìlì 2 ní wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti gbé mítà 45 kọjá ní ìwọ̀n ìrìn yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Rélùwéè tó ń bọ̀ láti Manchester lọ sí London rọ́ lù ú. Ènìyàn 11 kú, 45 fara pa.

Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin náà. Àkọlé wà níbẹ̀ pé kí awakọ̀ ẹrù ńlá pe ẹni tó ń ṣọ́ àmì ojú irin kó tó kọjá. Kò sẹ́ni tó pè é nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, àti ọlọ́pàá àti awakọ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ rí i pé ìmọ̀ tó yẹ kó dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnìkan mọ̀ ní ọ́fíìsì, ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò mọ̀. Ohun tí ìfitónilétí ń tọ́jú nìyẹn. Olúkúlùkù ẹni tó ni afárá, ojú irin tàbí ọ̀nà ló mọ ohun kan tí awakọ̀ kò lè mọ̀: afárá tí wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù, ọ̀nà tí wọ́n ń tú lọ́wọ́, òkè tí abẹ́ lóòbẹ́ẹ̀dì yóò há sí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Títí di òní, òfin 294 nínú ìwé Highway Code ṣì ń pàṣẹ pé níbi tí àkọlé bá ti ní kí awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tàbí ọkọ̀ tí ń fà pe fóònù, ó gbọ́dọ̀ pè é kó tó dábùú ojú irin, bí àkọlé bá sì tún ní kó pè lẹ́yìn tó kọjá tán, ó gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti gíga, òfin kò fi ìwọ̀n kan pàtó lélẹ̀ fún ẹrù níhìn-ín, èyí sì ń tan àwọn awakọ̀ wa jẹ. Afárá kò ka òfin. Ó lé ní ìgbà 1,500 lọ́dún tí ọkọ̀ ń forí gbá afárá ojú irin ní ilẹ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí Network Rail ti ń kà á. Kí ọwọ́ katapílà tó gòkè orí pẹpẹ, ẹ ká a sílẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ iye náà síwájú awakọ̀ níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o. Bí gíga ọkọ̀ àti ẹrù bá ti ju mítà 3 lọ, òfin ló ní kí ìwé náà wà nínú kábìnnì.

Wàyí o, báwo ni ẹni tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo yóò ṣe kọ ìwé sí ọlọ́pàá mẹ́jọ àti káńsù mọ́kànlá? Ìjọba ti ṣe ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní ESDAL, National Highways ló ń bójú tó o. Ọ̀fẹ́ ni. Wàá ya ọ̀nà tí o fẹ́ gbà sórí àwòrán ilẹ̀, wàá kọ ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù, òun ni yóò fi hàn ọ́ àwọn ọlọ́pàá, àwọn káńsù àti àwọn ọlọ́fárá tí ọ̀rọ̀ náà kàn, yóò sì fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Ó lè pa ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ àti ọ̀nà tí o máa ń gbà mọ́ fún ìgbà mìíràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí òun bá ti tẹ bọ́tìnnì, àṣẹ ti dé nìyẹn. Ìfitónilétí ni, kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bí ẹnì kan nínú wọn bá dá ọ lóhùn pé afárá òun kò lè rù ú, ìwọ ni yóò wá ọ̀nà mìíràn, kíkà ọjọ́ sì tún lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun fún ọ̀nà tuntun náà. Ẹ máa wo ímeèlì yín títí di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ẹ má bínú sí mi. STGO wà fún ẹrù tí kò ṣeé pín sí méjì láìbà á jẹ́ tàbí láìná owó tó pọ̀ jù. Bí o bá ti fi ohun mìíràn kún un, ohun tí òfin kò yọ̀ǹda, o ti ba májẹ̀mú náà jẹ́. A sì mọ ara wa. Ọmọ ìlú wa yóò ra katapílà, yóò wo báketì rẹ̀ tó ṣófo, yóò sọ pé ṣé àyè yìí yóò ṣòfò báyìí ni? Ó ti ju táyà mẹ́rin sí i, firíìjì Màmá méjì, àti àpò aṣọ tí ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ní kó bá òun fi ránṣẹ́. Ní Tilbury, ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù nìyẹn. Lójú ọ̀nà M1, ó ti sọ ẹrù tí kò ṣeé pín di ẹrù tó ṣeé pín. Firíìjì méjì ti tú àṣẹ tọ́ọ̀nù 58 ká. Ẹ rán firíìjì yín nínú kòǹténà.

N kò sọ pé ìjọba kò ní ẹ̀bi o. Ìyà ń jẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ọlọ́pàá ti ń fi iṣẹ́ sísin ẹrù sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní ọkọ̀ aláwọ̀ ìkìlọ̀ àti iná olómi ọsàn, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣe tirẹ̀. Òmíràn á ní kí ẹrù má rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nígbà tí ọ̀nà bá kún, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní wákàtí mìíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù fi lè dé ààlà kó dúró de wákàtí mẹ́ta. Ní ọdún 2023 àti 2024, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ẹrù ńlá, Heavy Transport Association nínú wọn, ké gbàjarè pé àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ń fi dandan sin ẹrù tí kò nílò rẹ̀, wọ́n sì ń gba owó gọbọi lé e. Earl Attlee, tí òun fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù lọ́dún 2024. Ilé iṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún tírélà lè gbé owó náà lé oníbàárà lórí. Ẹni tó ní ọ̀kan, èrè oṣù kan lè bá a lọ. Lójú tèmi, òfin kan náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àti iye kan náà, ló yẹ kí wọ́n ṣe, a sì yẹ kí a máa kọ̀wé sí àwọn aṣòfin àdúgbò wa lórí rẹ̀ bí a ṣe ń kọ̀wé lórí físà.

Àmọ́ ìwà ọlọ́pàá kan kì í ṣe ìdí láti má kọ ìwé. Ńṣe ló jẹ́ ìdí láti tètè kọ ọ́, kí a mọ iye tí wọn yóò bèèrè kí a tó fún oníbàárà ní iye tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ẹ má sanwó fún awakọ̀ kankan kí ó tó fi ohun mẹ́ta hàn yín: láísẹ́ńsì ilé iṣẹ́ rẹ̀, ìwé ìnṣọ́ránsì tó dárúkọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀dà ìfitónilétí tó ní ọjọ́ àti ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú wa, ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bákan náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe pé ẹ kò fọkàn tán an. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin àti òun ni ẹ óò tún jọ jókòó ní ìpàdé Sátidé, ojú yóò sì ro. Kí ẹ sì máa fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín ọjọ́ ìrajà àti ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbéra. Owó ìpamọ́ ẹ̀rọ nínú ọgbà gbàǹjo fún ọ̀sẹ̀ kan kéré sí owó ẹ̀rọ tí DVSA dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí kò lè lọ síwájú, tí kò lè padà.

Àwọn kan yóò ní ṣebí ilé náà ni a ti wá, níbi tí wọ́n ti ń gbé ohun gbogbo lóru láìsí ìwé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Òjúẹlẹ́gbà. Kòǹténà já bọ́ láti orí afárá níbẹ̀ lọ́dún 2015, ènìyàn mẹ́ta kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òmíràn tún wó lu bọ́ọ̀sì lábẹ́ afárá kan náà, ènìyàn mẹ́sàn-án bá a lọ. Kòǹténà lásán nìyẹn o, kì í ṣe ẹrù tó ju ọ̀nà lọ. Katapílà tí a rà níhìn-ín yóò gba ọ̀nà Àpápá kọjá bó bá dé ọ̀hún. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣéènì so ẹ̀rọ mọ́ pẹpẹ níhìn-ín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò gbà á ní èbúté, kó lè bèèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí yóò gbé e dé ìlú wa.

Àbá tèmi sí ìgbìmọ̀ ìṣòwò ẹgbẹ́ wa nìyí. Kí a yan Sátidé kan, lẹ́yìn ìpàdé, kí àwọn awakọ̀ wa tó ti ń lo ESDAL jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ra ẹ̀rọ, kí wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ ìfitónilétí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú gbogbo ènìyàn. Kò ní gbà ju wákàtí méjì lọ, kò sì ní ná ẹgbẹ́ ju owó tíì àti mín-ín-mín-ín lọ. Ẹni tó bá ń bọ̀ kó mú ìwé ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀ dání, pàápàá iye mítà tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, nítorí fọ́ọ̀mù náà yóò bèèrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í sì mọ̀ ọ́n lórí.